Igi Ọkọ́ Tó Kúrú, Ẹ̀yìn Àgbẹ̀ Ló Ń San Gbèsè Rẹ̀

Bí nọ́ọ̀tì táyà bá dípẹtà tó sì há, fọkanáísà tó mọṣẹ́ kì í bá a wọ̀yá ìjà. Á fi sípánà bọ̀ ọ́ lórí, á wá páìpù irin kan ti bọ ẹ̀yìn sípánà náà kí ó lè gùn sí i, á di páìpù mú níbi tó jìnnà jù lọ sí nọ́ọ̀tì, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí ọkùnrin méjì ti fi sípánà lásán tì yóò ké, yóò sì tú. Apá fọkanáísà kò lágbára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì jẹun kún èyí tó jẹ láàárọ̀. Gígùn ni ó fi kún un, gígùn náà ló sì tú nọ́ọ̀tì. Ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í pé oṣù kan kí ó tó mọ èyí. Ó yà mí lẹ́nu pé òfin tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì báyìí ni a ò tíì mú dé oko, níbi tí irinṣẹ́ tó ń bọ́ wa wà. Igi ọkọ́ wa kúrú jù fún iṣẹ́ tí a ń fi í ṣe jù, ohun tó sì yẹ kí gígùn igi gbé, ọ̀pá ẹ̀yìn àgbẹ̀ ló ń gbé e.

Irú ọ̀pá tí fọkanáísà lò yẹn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní lífà. Ó wà lára àwọn ẹ̀rọ tó rọrùn jù lọ láyé: kò ní ẹ́ńjìnì, kì í mu epo. Ohun mẹ́ta ló ń bẹ nídìí rẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀pá faratì, ẹrù tí a fẹ́ gbé, àti ibi tí a ti ń fi agbára sí i. Ká sọ pé òkúta kan wúwo tó 90 kílò. Bí a bá ti ọ̀pá irin tó gùn ní mítà kan bọ abẹ́ rẹ̀, tí a sì gbé ọ̀pá náà ti òkúta kékeré mìíràn tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 péré sí ẹrù, sẹ̀ǹtímítà 90 ni yóò kù sí ọ̀dọ̀ ọwọ́ wa. Ọ̀dọ̀ wa gùn ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ti ẹrù, nítorí náà agbára tí a ó fi gbé 10 kílò ti tó láti mú 90 kílò dúró. Archimedes ará Siracusa, ìlú kan ní erékùṣù Sicily, ló kọ ẹ̀rí òfin yìí sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Íjíbítì ti ń fi ọ̀pá gígùn tí wọ́n so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀ fa omi odò Náílì tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan òfin náà wà tí a máa ń gbàgbé, apá náà sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Lífà kì í fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Kí òkúta yẹn tó gòkè sẹ̀ǹtímítà kan, ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ohun tí a jèrè nínú agbára, a ó san án nínú ìrìn. Bí a bá sì fẹ́ jèrè ìrìn, agbára ni a ó fi san án. Ìbéèrè tó yẹ kí á máa bi gbogbo irinṣẹ́ ni pé kí ló ń gbà lọ́wọ́ wa, lára kí ni ó sì ti ń gbà á?

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ ìdáhùn. Ẹ wo ẹmú alágbẹ̀dẹ. Ẹnu rẹ̀ kúrú, apá rẹ̀ méjèèjì gùn, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ fún irin gbígbóná pọ̀ pinpin láìjẹ́ kí ọwọ́ sún mọ́ iná. Àlùmọ́gàjí tí télọ̀ fi ń gé aṣọ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà, ìdí nìyẹn tí aṣọ tó nípọn fi gbọ́dọ̀ wọlé dé ìdí àlùmọ́gàjí kí ó tó gé. Bárò tún jẹ́ irú lífà mìíràn. Táyà iwájú ni ibi ìfaratì, ẹrù wà láàárín, ọwọ́ wà lẹ́yìn. Ká sọ pé a kó iyanrìn 100 kílò sínú bárò tí ibi ìdìmú rẹ̀ fi mítà kan ààbọ̀ jìnnà sí táyà. Bí àárín ẹrù náà bá jẹ́ ìdajì mítà sí táyà, nǹkan bíi 33 kílò ni yóò wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tì í. Bí ó bá kó iyanrìn náà sẹ́yìn díẹ̀ tí àárín rẹ̀ fi di sẹ̀ǹtímítà 75 sí táyà, ó ti di 50 kílò. Iyanrìn kan náà ni, bárò kan náà ni. Ẹ dúró níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí ẹ wo lébìrà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: iwájú ni á máa da iyanrìn sí, kò sí olùkọ́ kankan tó fi ìṣirò hàn án.

Irú kẹta wà, níbi tí agbára ti wọlé láàárín ibi ìfaratì àti ẹrù, tó sì sún mọ́ ibi ìfaratì ju ẹrù lọ. Ní tirẹ̀, àdánù agbára ni. Agbára ńlá wọlé, agbára kékeré jáde, àmọ́ ìrìn àti ìyára pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ lífà tó wà lára èèyàn, irú èyí ni. Ìgúnpá ni ibi ìfaratì apá wa. Iṣan tó ń ká a so mọ́ eegun ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 péré sí ìgúnpá, nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ tó gbé ẹrù fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 jìnnà sí i. Ẹni tó bá ká apá tó sì gbé kílò 5 dání, iṣan rẹ̀ ń fa nǹkan bíi kílò 35. Ọlọ́run dá wa bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ wa lè yá, kí ó sì lè nà jìnnà, a sì ń jàǹfààní rẹ̀ nígbà tí a bá ju òkò tàbí tí a bá lu ìlù.

Ẹ̀yìn wa náà lífà ni, òun gan-an ló sì yẹ kí á fara balẹ̀ wò. Ibi ìfaratì rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, lókè ìbàdí. Àwọn iṣan tó ń fa ara sókè wà lẹ́yìn ibẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹrù rẹ̀ ni orí, apá méjèèjì àti gbogbo àyà wa, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì ìwúwo èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá dúró ṣánṣán, ẹrù yìí gúnlẹ̀ sórí ibi ìfaratì, iṣan kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ẹ jẹ́ kí á wá mú àgbẹ̀ kan tó wúwo tó 60 kílò, kí á gbà pé 30 kílò nínú rẹ̀ wà lókè ìbàdí, kí á sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí àárín ìwúwo náà fi sún síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 25. Ìṣirò rẹ̀ kò le: 30 ní ọ̀nà 25, ká pín in sí 5. Iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ní láti fa 150 kílò kí ó má baà dojú bolẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì gbé ọkọ́. Gbogbo fífà yẹn ló sì ń fún àwọn kerekere tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn pọ̀. Bí ó bá na ọkọ́ kílò 2 síwájú ní ìdajì mítà, 20 kílò mìíràn ti kún un. Ẹ wá ní kí àgbẹ̀ kan náà dìde, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ péré, tó fi jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 8 ni ìwúwo náà fi sún. Nǹkan bíi 48 kílò ni yóò kù. Ara ènìyàn kò rí bákan náà, ìṣirò yìí sì ti fo ọ̀pọ̀ nǹkan tí dókítà yóò kà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é tí bíbẹ̀rẹ̀ kò ní fi ìlọ́po púpọ̀ ju nínàró lọ.

Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ ń rọ fún wa kò fún àgbẹ̀ láyè láti nàró. Igi tó tẹ̀ kọdọrọ láti ara ẹ̀ka ni a ń gé sí i, ojú irin rẹ̀ kọjú padà sí ẹni tó dì í mú, igi náà kò sì gùn tó láti kan ilẹ̀ àyàfi tí èèyàn bá tẹ ìbàdí. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ṣe ń wà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, ó ń gbé ara rẹ̀ sókè, ó ń dá a padà, ó ń fi iṣan tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 ja ẹrù tó wà ní 25. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro kárí ayé ní ọdún 2020, àti pé kò sí àìlera mìíràn tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ tó o. Kì í ṣe ọkọ́ nìkan ló fà á, jíjókòó pẹ́ àti ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí ọkọ́ kúkúrú dá nínú rẹ̀, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà.

Ní àwọn oko ńláńlá ìpínlẹ̀ yẹn, níbi tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ lettuce àti bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Mẹ́síkò ń fi ọkọ́ kan tu ọ̀gbìn tó há mọ́ra jù kúrò, tí wọ́n sì ń fi í ro koríko. El cortito ni wọ́n ń pè é. Igi rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì lọ. Àwọn olóko fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó bá sún mọ́lẹ̀ ló lè ya ọ̀gbìn tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára, pé bí igi bá gùn, ọ̀gbìn yóò ṣòfò. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: níbi tí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá nàró ni alábòójútó yóò rí pé ó ń sinmi. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, iléeṣẹ́ náà kọ̀ ọ́. Ó ní irinṣẹ́ tó léwu tí òfin ń bá wí ni irinṣẹ́ tó bàjẹ́ tàbí tí wọn kò ṣe dáadáa, ọkọ́ náà kò sì kán, kò ṣá. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California kò gba èyí wọlé. Ní oṣù kìíní ọdún 1975, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ẹ̀rí àwọn òṣìṣẹ́ àti ti àwọn dókítà wò, àwọn adájọ́ sọ pé irinṣẹ́ lè pé kó gún kó sì tún léwu, bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó bá ń ba ara jẹ́. Ọdún yẹn ni wọ́n fòfin de el cortito. Oko California kò parẹ́ nítorí ìyẹn. Títí di òní ni lettuce ń ti ibẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ní ọdún 2004, ìpínlẹ̀ náà tún gbé òfin mìíràn jáde tó dín fífi ọwọ́ lásán tu koríko ní bíbẹ̀rẹ̀ kù, ó sì ka ọkọ́ tí igi rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí kúkúrú. Ohun tí ìdájọ́ 1975 yẹn fi yé mi jù ni pé ọkọ́ lè mú, kí ó dán, kí àwọn tó ń lò ó sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa, síbẹ̀ kí gígùn rẹ̀ nìkan máa sọ èèyàn di arọ díẹ̀díẹ̀.

Mo mọ èsì àkọ́kọ́ tí àwọn kan yóò fọ̀: ọkọ́ yìí ni àwọn baba wa fi dáko, wọ́n sì fi tọ́ wa dàgbà. Òótọ́ ni. Wọn kò sì dá nìkan ro oko náà. Àáró àti ọ̀wẹ̀ wà nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń pín bíbẹ̀rẹ̀ náà láàárín ara wọn, àwọn ọmọ púpọ̀ sì wà nílé tó ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ ti lọ sí ìgboro, àgbàlagbà ló kù lóko, àti alágbàṣe tó ń ka owó iṣẹ́ rẹ̀ ní iye ilẹ̀ tó bá ro. Irinṣẹ́ tí ara púpọ̀ ti ń pín ìyà rẹ̀ ti di ẹrù ara ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa kan náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ já kòkó tó wà lókè, wọn kò gun igi lọ bá a lẹ́yọ lẹ́yọ. Gọ̀ǹgọ̀ gígùn ni wọ́n gbé. A kò ní tako àṣà wọn bí a bá fa igi ọkọ́ gùn. Ọgbọ́n tí wọ́n lò lókè igi ni a ó mú wá sílẹ̀.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ebè ló sì ti wá. Àgbẹ̀ oníṣu ní Òkè-Ògùn, ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, yóò sọ pé ebè kì í ṣe koríko. Erùpẹ̀ wúwo ni a ń fà wọlé, tí a ń kó jọ, tí a ń fi ojú ọkọ́ gbá mọ́ra, ọkọ́ tó fẹ̀ tó sì kúrú ló ń gbọ́ràn sí ọwọ́ níbẹ̀. Mo gbà fún un, òfin lífà náà sì gbà fún un. Bí a bá di igi gígùn mú lókè, tí ẹrù sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a ti jèrè ìrìn, a ó sì fi agbára san án. Erùpẹ̀ ebè ń béèrè agbára. Nítorí náà, mi ò sọ pé kí a sọ ọkọ́ ebè nù. Ṣùgbọ́n ebè kíkọ ní àsìkò tirẹ̀, ó sì ń parí. Koríko kì í parí. Oko ẹ̀gẹ́ kan náà ni a ó ro lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó bo ilẹ̀, koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè erùpẹ̀ kò sì béèrè agbára ńlá. Ohun tó ń béèrè ni kí ojú irin yára kọjá lábẹ́ rẹ̀, ìyára sì ni ohun tí igi gígùn ń fúnni. Ẹni tó di í mú yóò fi ọwọ́ òkè ṣe ibi ìfaratì, yóò fi ọwọ́ ìsàlẹ̀ fà á, ìwọ̀nba ìrìn ọwọ́ yìí yóò sì di ìrìn tó gùn ní ojú irin. Àgbẹ̀ tó ní àdá kì í tìtorí rẹ̀ má ní àáké. Kí ló dé tí ọkọ́ kan ṣoṣo fi ní láti ṣe iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn?

Àwọn kan yóò ní oko wa kò rí bíi ti Amẹ́ríkà, pé àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ló wà nínú oko kan náà, ẹni tó bá nàró yóò ṣá ìtàkùn ẹ̀gúsí dànù. Ohun tí àwọn olóko California sọ nípa lettuce gan-an nìyí. Ìṣọ́ra yóò pọn dandan níbi tí ẹ̀gúsí bá ti ràn, èèyàn sì lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí kò ní kí ó bẹ̀rẹ̀ jákèjádò oko. Ní ti àwọn tó ń sọ pé tírákítọ̀ àti oògùn apakoríko ti ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ náà, mo bọ̀wọ̀ fún ìrètí wọn. Àmọ́ tírákítọ̀ kò lè wọ oko kékeré tí kùkùté kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ oògùn kì í sì í mọ ẹ̀gúsí yàtọ̀ sí koríko. Láti ìgbà tí ìjọba ti ń ṣèlérí tírákítọ̀, ọkọ́ ló ṣì ń bọ́ wa. Ó yẹ kí á tún ohun tó wà lọ́wọ́ ṣe nígbà tí a ń retí èyí tí ń bọ̀.

Bí a bá sì fẹ́ tún un ṣe, ìmọ̀ràn kan ṣe pàtàkì: ẹ má kàn gé igi gígùn ti bọ ọkọ́ àtijọ́. Kò ní ṣiṣẹ́, àgbẹ̀ tó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, yóò sì ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ojú irin ọkọ́ wa dojú kọ igi gan-an, nítorí pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rọ ọ́ fún. Bí igi bá gùn tí ẹni tó dì í mú sì nàró, ẹ̀yìn irin ni yóò máa kan ilẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní láti la àárín irin àti igi sí i, kí ó dín ìbú irin kù kí ó má baà wúwo lórí igi gígùn, kí ó sì pọ́n ẹnu rẹ̀ kí ó mú dáadáa, torí ìyára ni yóò máa fi gé koríko. Igi tó gún tó sì fúyẹ́ ni yóò lò dípò ẹ̀ka tó tẹ̀. Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí alágbẹ̀dẹ ìgbèríko kò lè ṣe pẹ̀lú ẹmú, òòlù àti ẹwìrì tó ní.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ìdọ̀fìàn, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn wà ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn. Mo fẹ́ kí wọ́n pe àwọn alágbẹ̀dẹ jókòó, kí wọ́n rọ oríṣi mẹ́ta mẹ́rin, kí wọ́n sì kó wọn fún àwọn àgbẹ̀ tó ń ro ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní àsìkò òjò kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹni gíga àti ẹni kúkúrú, kí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn sì sọ èyí tó dára. Igi tó dé àyà ẹni tó fẹ́ lò ó ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa gé e kù tàbí kí wọ́n máa fi kún un bí ọwọ́ àgbẹ̀ bá ṣe sọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ra ọkọ́ pín fún àgbẹ̀ béèrè gígùn igi rẹ̀ kí ó tó sanwó, bí ó ti ń béèrè iye rẹ̀. Ní ilé ìwé, níbi tí olùkọ́ ti ń ya lífà sójú pátákó, kí ó mú ọkọ́ kúkúrú àti ọkọ́ gígùn wọ kíláàsì, kí àwọn ọmọ fi tépù wọn bí àyà ṣe yọ síwájú ìbàdí tó nígbà tí ẹnìkejì wọn bá di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀ fúnra wọn.